Camillo Cavour: Ó La Ọ̀nà Tí Òun Fúnra Rẹ̀ Kò Rìn

Ẹ̀yin ará wa, ìlú wo lẹ máa dé ní ilẹ̀ Ítálì yìí tí ẹ ò ní rí òpópónà tàbí gbàgede kan tí wọ́n sọ ní Cavour? Ní Torino níbí, bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Porta Nuova, tí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, ẹ ó kan Via Cavour. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ kí ọmọ mi obìnrin tó bi mí léèrè ta ni ọkùnrin náà. Mo ní olóṣèlú àtijọ́ kan ni. Ó tún bi mí pé kí ló ṣe. Ẹnu mi wọhò. Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n lọ ka ìtàn rẹ̀, òun náà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1810 ni wọ́n bí Camillo Benso, ọmọ ìdílé Cavour, ní Torino. Ọmọ ọlọ́lá ni, ṣùgbọ́n àbúrò ni. Gustavo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni oyè bàbá wọn tọ́ sí. Bí wọ́n ti máa ń ṣe ọmọ kejì nígbà yẹn ni wọ́n ṣe òun náà: wọ́n ní kó lọ ṣe ṣọ́jà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá péré ni nígbà tí wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́ ológun, ó sì jáde bí ẹnjinníà ọmọ ogun. Ibẹ̀ ni èmi ti kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀, torí iṣẹ́ kan náà la kọ́. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò gbé jẹ́ẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ òmìnira níbi tí wọn ò ti fẹ́ gbọ́ ọ. Nígbà tó di 1831, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀.

Oko ló gbà lọ. Ìdílé wọn ní ilẹ̀ ńlá kan ní Leri, lágbègbè Vercelli, níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì. Ọmọ ọlọ́lá yìí ń jí lówùúrọ̀ kùtù, ó ń wọ bàtà oko, ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ lọ wo odò tí wọ́n fi ń bomi rin oko, ó sì ń gbìyànjú ajílẹ̀ tuntun. Ó tún ń rìnrìn àjò lọ sí Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti rí rélùwéè, ilé iṣẹ́ ńláńlá àti báǹkì. Ẹ má rò pé gbogbo ohun tó dáwọ́ lé ló yọrí o. Ní 1840, ó fi owó ta tẹ́tẹ́ ní ọjà ìpín owó ní Paris, owó náà wọlé sígbó, bàbá rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti mọ̀ pé owó òjijì yàtọ̀ sí owó tí wọ́n gbìn.

Nígbà yẹn, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Ítálì. Ìjọba Sardegna wà ní Torino. Austria ló ni Milano, Venezia àti Padova. Póòpù ló ń jọba ní Róòmù, ọba mìíràn sì wà ní Napoli. Ẹni tó bá gbé ọjà láti ìlú kan lọ sí òmíràn, oníbodè yóò dá a dúró, yóò sanwó ibodè lẹ́ẹ̀kan, yóò tún san án lẹ́ẹ̀mejì. Àwa ọmọ Yorùbá mọ irú èyí dáadáa. Ṣé bí oníbodè Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ṣe ń dí ọ̀nà òkun mọ́ àwọn ará òkè nìyẹn? Ohun tí Cavour rí ni pé ìbọn nìkan kò lè so irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ó kọ ìwé kan ní 1846 láti fi yé aráyé pé rélùwéè yóò so Ítálì pọ̀. Lópin 1847, ó dá ìwé ìròyìn Il Risorgimento sílẹ̀. Ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1848.

Ní 1850 ló di mínísítà ètò ọ̀gbìn àti òwò, ó gba ètò ìṣúná ní 1851, ó sì di olórí ìjọba ní oṣù kọkànlá 1852. Ó dín owó ibodè kù, ó bá Faransé, Belgium àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn òwò. Ó yá owó rẹpẹtẹ láti fi ṣe rélùwéè. Ọkọ̀ ojú irin Torino sí Genova parí ní òpin 1853, ìyẹn ni pé ìlú tó wà nínú ilẹ̀ ti dé etí òkun. Nígbà tó fi máa di 1859, rélùwéè Piemonte ti lé ní kìlómítà 800, kò sì sí ìjọba mìíràn ní Ítálì tó ní tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè náà wúwo, owó orí ga. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n ní 1853, àwọn èèyàn tí inú ń bí ya bo ilé rẹ̀. Kò dá iṣẹ́ rélùwéè dúró.

Èyí tó wú mi lórí jù gẹ́gẹ́ bí ẹnjinníà ni ihò abẹ́ òkè Fréjus, láàárín Ítálì àti Faransé. Ọdún 1857 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Òkè náà ga débi pé wọn ò lè gbẹ́ kànga láti orí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fi wọlé. Ẹnjinníà Germain Sommeiller lo ẹ̀rọ tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ gbẹ́ àpáta, afẹ́fẹ́ kan náà sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń mí sínú. Ihò tó lé ní kìlómítà 12 ni. Oṣù kẹsàn-án 1871 ni wọ́n ṣí i. Sommeiller ti kú ní oṣù keje ọdún náà, Cavour sì ti kú láti ọdún mẹ́wàá. Kò sí ìkankan nínú wọn tó gba ibẹ̀ kọjá.

Nínú òṣèlú, ẹ̀wẹ̀, ọgbọ́n ló ń lò ju agbára lọ. Ó rán nǹkan bí ọmọ ogun 15,000 lọ sí ogun Crimea ní 1855, kí àwọn alágbára ayé lè mọ̀ pé ìjọba kékeré rẹ̀ wà. Ní 1858 ó bá Napoleon Kẹta ṣe àdéhùn ní ìkọ̀kọ̀, ní 1859 wọ́n jọ bá Austria jà. Nígbà tí Napoleon dá ogun dúró láìbi í, ó fi ìbínú kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, ó sì padà ní oṣù kìíní 1860. Ó fi Nizza àti Savoia fún Faransé. Garibaldi kó ogun gba ìhà gúúsù. Ọjọ́ 17 oṣù kẹta 1861, wọ́n kéde ìjọba Ítálì, Cavour sì di olórí ìjọba àkọ́kọ́. Kò lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Ibà kì í mọ́lẹ̀, àwọn dókítà ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra bí ìṣe ìgbà yẹn, ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, kò tíì pé ọmọ ọdún 51. Kò gbéyàwó. Santena lẹ́bàá Torino ni wọ́n sin ín sí.

Oṣù méjì géérégé lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1861, Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìbàdàn àti Ìjàyè sì ń bá ara wọn jagun lọ́wọ́. Mo máa ń rò ó, ọkàn mi kì í dùn.

Cavour kì í ṣe áńgẹ́lì o. Èdè Faransé yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju ti Ítálì lọ. Kò dé ìhà gúúsù rí, síbẹ̀ wọ́n fi òfin, owó orí àti owó ibodè Piemonte dé gbogbo ilẹ̀ náà lórí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Napoli tí owó ibodè gíga ń dáàbò bò kò lè dúró mọ́. Nínú èèyàn 100, bí 78 ni kò mọ̀wé kà ní 1861. Ọ̀pọ̀ wọn kó ẹrù. Láàárín 1876 sí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó jáde kúrò ní Ítálì lé ní mílíọ̀nù 25, ará Veneto àti Piemonte wà lára wọn. Nígbà tí àwọn ará gúúsù wá ṣiṣẹ́ ní Torino láàárín 1950 sí 1970, àwọn onílé kan kọ̀ láti gbà wọ́n sílé. Bí wọ́n bá fi ilé dù yín lónìí nítorí orúkọ yín, ẹ mọ̀ pé orin àtijọ́ ni wọ́n ń kọ.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ náà ni wọ́n gbẹ́ odò tó ń jẹ́ Canale Cavour, láàárín 1863 sí 1866. Ó lé ní kìlómítà 80, omi rẹ̀ sì ń wọ oko ìrẹsì Vercelli àti Novara títí dòní.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní 1964, ọmọ tí wọ́n bí ní Ítálì lé ní mílíọ̀nù kan. Ní 2024, kò ju nǹkan bí 370,000 lọ. Orílẹ̀-èdè tó ń darúgbó nìyí. Síbẹ̀ ọmọ wa tí a bí síbí lè dúró di ọmọ ọdún 18 kó tó lè béèrè fún ìwé ọmọ ìlú. Ní oṣù kẹfà 2025, wọ́n dìbò láti dín ọdún mẹ́wàá tí àgbà gbọ́dọ̀ gbé níbí kù sí márùn-ún. Nínú 100, nǹkan bí 30 ló jáde, ìbò náà sì já sófo. A ò lè fi ọwọ́ wa yí ìyẹn padà lónìí.

Àmọ́ tiwa ńkọ́, nínú ilé wa? Olùkọ́ kan gbà wá níyànjú pé kí a mú ọmọ wa obìnrin lọ síbi iṣẹ́ ọwọ́, pé ìṣirò rẹ̀ kò lágbára. Iṣẹ́ ọwọ́ kò burú, ṣùgbọ́n ọmọ náà fẹ́ kọ́ sáyẹ́ǹsì. Owó tó wà lọ́wọ́, ti ilé tí à ń kọ́ ní Ìbàdàn ni. Èmi àti ìyá rẹ̀ fi alẹ́ mẹ́ta jíròrò. A dá bíríkì dúró, a wá olùkọ́ ìṣirò tó ń wá sílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nílé bínú, ó ní ojú ń ti òun lójú àwọn aládùúgbò. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ilé náà ṣì wà ní líńtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ náà ti wọ ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, bó sì bá tún bi mí ta ni Cavour, mo lè dá a lóhùn.