Thomas Sankara, Olórí Ìlú Tí Ó Fi Gìtá Mẹ́ta Sílẹ̀

Ọjọ́ tí a bá ń ka ogún ni a máa ń mọ ohun tí olóògbé fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ. Olóyè mìíràn a fi ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀ lọ jàra. Òmíràn a fi owó pamọ́ sí òkè òkun, tí àwọn ọmọ tí ó bí kò ní mọ iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Thomas Sankara, ẹni tí ó ṣe olórí Burkina Faso fún ọdún mẹ́rin, jáde láyé ní ọdún 1987, ohun tí a kà mọ́ ẹrù rẹ̀ ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, kẹ̀kẹ́ mẹ́rin, gìtá mẹ́ta, fíríìjì kan, àti fíríìsà kan tí ó ti bàjẹ́. Gìtá mẹ́ta yìí ni a fẹ́ fi sọ ìtàn ọkùnrin náà fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ìlú Yako, ní àríwá Ouagadougou, ni a bí i sí ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1949, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà tí wọ́n ń pè é ní Upper Volta. Bàbá rẹ̀ ti jagun fún àwọn Faransé kí ó tó di ọlọ́pàá. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kí ó di àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ológun ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ní ọdún 1966 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ológun ní Kadiogo. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rán an lọ sí Antsirabe ní erékùṣù Madagascar. Níbẹ̀ ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i, ní ọdún 1972, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ti dìde sí ìjọba wọn títí ó fi wó. Nígbà tí ó padà sílé, ó di ọ̀kan nínú àwọn onígìtá ẹgbẹ́ olórin kan ní Ouagadougou tí ń jẹ́ Tout-à-Coup Jazz.

Kí a má ṣe rò pé gìtá jẹ́ nǹkan yẹpẹrẹ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Burkina Faso kò ní etíkun. Ọkọ̀ ojú omi níí gbé ẹrù òkèèrè dé Abidjan, kí rélùwéè tó gbé e rin ọ̀nà tí ó ju 1,100 kìlómítà lọ kí ó tó dé Ouagadougou. Ọdún 1954 ni irin náà tó dé ìlú náà pàápàá. Gìtá oníná, yálà èyí tí inú rẹ̀ le dan-in tàbí èyí tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ sí ihò díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè rọ̀, kì í dá dún: ó ń fẹ́ ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn jáde, ó sì ń fẹ́ iná mànàmáná. Béèsì, èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ń ṣe nínú ẹgbẹ́ olórin irú iṣẹ́ tí agídìgbo ń ṣe nínú orin tiwa, owó gidi ni wọ́n ń fi rà á. Àgbẹ̀ tí ń gbin ọkà bàbà kò lè dá a láṣà. Ẹni tí ó bá ní mẹ́ta nínú ilé ti rí jẹ. Ṣùgbọ́n olórí ìlú tí kò ní ju mẹ́ta lọ ti kó ara rẹ̀ níjàánu.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1983, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 33, àwọn ológun gbé e gorí àga. Ó ta àwọn ọkọ̀ Mercedes tí ìjọba ní, ó sì sọ Renault 5, ọkọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú, di ọkọ̀ àwọn mínísítà. Ó ní kí àwọn aláṣẹ wá ka ohun ìní wọn ní gbangba. Òun náà ka tirẹ̀. Ní ọdún 1984 ó yí orúkọ ilẹ̀ náà padà sí Burkina Faso, èyí tí í ṣe ilẹ̀ àwọn olódodo, ó sì kọ orin orílẹ̀-èdè tuntun tí a ń pè ní Ditanyè. Lábẹ́ ìjọba rẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin Les Colombes de la Révolution jáde, tí ó jẹ́ pé obìnrin ni gbogbo wọn, ní ilẹ̀ tí ó ti mọ́ ọn lára pé kí obìnrin kọrin kí ọkùnrin sì di ohun èlò mú. Àwọn ọmọdé náà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ohun tí ẹlòmíràn ìbá fi owó ìlú rà sí ìyẹ̀wù ara rẹ̀, ọwọ́ ará ìlú ni ó jẹ́ kí ó dé.

Àmọ́ òótọ́ kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́ kan, a kò sì ní pa ìyókù mọ́. Òfin kónílé-ó-gbélé tí ìjọba rẹ̀ ṣe dí oúnjẹ lọ́nà ọ̀pọ̀ olórin tí òru jẹ́ ọjà fún. Nígbà tí àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1984, ó lé èyí tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n yìnbọn pa àwọn ènìyàn méje ní ọdún kan náà lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi ìka pẹ̀lẹ́ tẹ okùn gìtá kò fi ìka pẹ̀lẹ́ tẹ gbogbo ènìyàn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1987, àwọn ológun yìnbọn pa á pẹ̀lú àwọn méjìlá mìíràn ní Ouagadougou. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, Blaise Compaoré, ni ó jókòó sí àyè rẹ̀ fún ọdún 27. Ilé-ẹjọ́ dá Compaoré lẹ́bi ní ọdún 2022, ó sì rán an lẹ́wọ̀n gbére lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 2023 ni wọ́n tó tún òkú Sankara sin sí ibi tí wọ́n ti pa á.

Àwa kò pe Sankara ní ẹni mímọ́. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ó di kọ́kọ́rọ́ àpótí ìṣúra odidi orílẹ̀-èdè mú, síbẹ̀ àkójọ ẹrù rẹ̀ kò kún ojú ìwé kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àga lónìí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń lé e, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka tiyín fún wa nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lẹ́nu yín.