Ọ̀mọ̀wé Fádípẹ̀, Olùwádìí Àjọṣe Àwọn Yorùbá

Kò sí ẹni tí ó dá ọgbọ́n tán. Bí ọ̀ràn bá le, àwọn ènìyàn a jókòó, wọn a sì forí korí títí wọn yóò fi rí ojútùú rẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn máa gbìmọ̀, ọ̀tọ̀ sì ni kí ó mọ bí a ti ń wádìí ìgbìmọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ́ gíga wádìí àjọṣe àwọn ènìyàn wọn ni Nathaniel Akínrẹ̀mí Fádípẹ̀.

Ìlú Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní 1893. Ní ọdún yẹn kan náà ni Gómìnà Carter àti àwọn Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé ìjọba Ẹ̀gbá yóò dá dúró. Nígbà tí ó di 1914, òmìnira náà dópin, Abẹ́òkúta sì bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Fádípẹ̀ ti di ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà. Ó dàgbà ní àkókò tí àwọn àlejò ń pinnu bóyá àwọn ènìyàn rẹ̀ lè ṣe àkóso ara wọn tàbí wọn kò lè ṣe é.

Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kàwé. Ó kọjá sí Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣe olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Achimota ní Gánà, tí a ń pè ní Gold Coast ní ayé ìgbà náà. Lẹ́yìn èyí ni ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù láti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní àkókò yìí, ọ̀pọ̀ òyìnbó ń kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn aláwọ̀ dúdú kì í ronú jinlẹ̀, pé àṣà àti ìbẹ̀rù ọba nìkan ni ó ń darí wọn. Fádípẹ̀ wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n tako irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlú òyìnbó. Kò fi èébú jà. Ẹ̀rí ni ó kó jọ.

Iṣẹ́ tí ó kọ fún oyè náà, tí ó parí ní ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń bẹ̀rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ojú ìwé. Kò mọ ní ààfin ọba nìkan. Ó wo ìgbéyàwó, ó wo ẹbí, ó wo agbo ilé àti baálé rẹ̀. Ó sì wo àwọn ìjòyè, Ògbóni àti ọba. Ètò yìí kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan: ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń parí ìjà nínú agbo ilé, bí ìlú ti ń gbìmọ̀ kò lè yé e.

Kò sì fojú fo àjọṣe àwọn mẹ̀kúnnù. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ a máa bá ara wọn ro oko ní ìkọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnì kan a pe ọ̀pọ̀ ènìyàn sí iṣẹ́ kan, a sì fún wọn ní oúnjẹ. Nínú èsúsú, olúkúlùkù a dá iye owó kan náà, ẹnì kan a sì kó gbogbo rẹ̀ lọ, títí yóò fi kárí. Ẹni tí ó bá ń wò láti òkèèrè lè rò pé owó lásán ni èsúsú. Olùwádìí a béèrè sí i. Ta ni yóò kọ́kọ́ kó o? Ta ni ó ń tọ́jú owó náà? Kí ni àwọn yòókù yóò ṣe bí ẹni tí ó ti kó o bá sá? Nínú ìdáhùn irú ìbéèrè wọ̀nyí ni a ti ń rí ọgbọ́n tí kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí ó sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Àtùpà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè tàn títí dé Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Nínú ọjà Òṣòdì, èsúsú kò tíì parun. Ní àdúgbò Ìsọlọ̀, àwọn onílé a máa ṣe ìpàdé lórí gọ́tà tí ó dí tàbí iná tí kò tàn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ wádìí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda, yóò sì jókòó jẹ́ẹ́. Yóò kọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sílẹ̀, àti ẹni tí ó parí ọ̀rọ̀, àti ẹni tí kò sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn ìpàdé, yóò tọ ẹni tí ó dákẹ́ lọ láti béèrè èrò rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó dákẹ́ ni ó gbà. Bí oṣù kan bá kọjá, yóò padà wò ó bóyá wọ́n ṣe ohun tí wọ́n wí. Yóò sì fi àdúgbò kan wé òmíràn kí ó tó sọ pé báyìí ni gbogbo wọn ti ń ṣe.

Fádípẹ̀ kú ní 1944, ní ẹni nǹkan bí àádọ́ta ọdún, kò sì fojú rí i kí iṣẹ́ rẹ̀ di ìwé títẹ̀. Ní 1970 ni Ilé Ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ́yìn tí àwọn Òkédìjí méjì, tí wọ́n jẹ́ ọ̀mọ̀wé, ti tò ó tí wọ́n sì ti dín gígùn rẹ̀ kù. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó ti wà nínú ibojì. Láti ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa àwùjọ Yorùbá ti ń mú ìwé náà lò. Iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe níbi tí ó jìnnà sí ilé ti wá di ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń gbé yẹ̀ wò. Irú èrè bẹ́ẹ̀ sì yẹ ẹni tí ó fi ayé rẹ̀ wádìí àjọṣe.