Houphouët-Boigny: Oníṣègùn Tí A Fi Oyè Dókítà Dù

Ní Cocody, ní ìlú Abidjan, yunifásítì kan wà tí ó ń jẹ́ orúkọ Félix Houphouët-Boigny láti ọdún 2012. Àwọn ará Èjìgbò tí wọ́n ti fi Abidjan ṣe ilé mọ ọkùnrin náà ní Ààrẹ. Ṣùgbọ́n bí ó ti di oníṣègùn ni a fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí a gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ayé rẹ̀ ti mú ọ̀nà tirẹ̀ pọ̀n.

Ìwé ìjọba wí pé ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1905 ni a bí i ní Yamoussoukro, ní ìdílé olóyè láàárín àwọn Baoulé. Houphouët, orúkọ tí ó ti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ wá, túmọ̀ sí ààtàn: irú orúkọ tí a fi ń lé ikú sẹ́yìn ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sọ àbíkú ní Àkítàn. Boigny, èyí tíí ṣe àgbò, kò kún orúkọ rẹ̀ títí ó fi di òṣèlú.

Ní ìgbà èwe rẹ̀, kò sí yunifásítì kan ṣoṣo ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty, ní erékùṣù Gorée lẹ́bàá Dakar, ni ọ̀nà tí ọmọ tí ó bá ní ìṣègùn lọ́kàn ń gbà. Ponty kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn; ẹ̀kọ́ ìwé gbogbogbòò ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, olùkọ́ àti akọ̀wé ni ó sì ń jáde jù. Láti ọdún 1918, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ṣí ní Dakar, a ń yan díẹ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀. Houphouët ti Bingerville dé Ponty ní 1919, ó bọ́ sí ti ìṣègùn ní 1921, ó sì ṣe ipò kìíní nígbà tí ó jáde ní 1925.

Ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní oyè dókítà. Ìwé-ẹ̀rí Dakar kò bá ti àwọn yunifásítì Faransé dọ́gba. Igbákejì oníṣègùn òyìnbó ni ẹni tí ó gbà á, abẹ́ ìjọba ni ó sì gbọ́dọ̀ wà. Ta ni ọkàn rẹ̀ kò ní gbọgbẹ́? Ní ilé ìwòsàn Abidjan, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìṣègùn ọmọ ilẹ̀ náà jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Èyí kò dùn mọ́ àwọn aláṣẹ; ní 1927 wọ́n gbé e lọ sí Guiglo, ọ̀nà jíjìn. Ní 1929 ó dé Abengourou, ìlú olóko kòkó, níbi tí ó ti rí ìyà tí ń jẹ àwọn àgbẹ̀. Ní 1932, lábẹ́ orúkọ ìbòjú, ó kọ ọ̀rọ̀ líle sínú ìwé ìròyìn nípa bí a ti ń rẹ́ wọn jẹ. Àwọn kan lè rò pé ẹ̀kọ́ ìwé Ponty kò wúlò fún ẹni tí yóò máa tọ́jú ọgbẹ́. Ní tiwa, ibẹ̀ ni a rò pé ó ti mú kálàmù yẹn wá.

Ìyókù kò ṣàjèjì. Ó jẹ olórí ìbílẹ̀ ní 1940, ó dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ ní 1944, òfin tí ó pa iṣẹ́ túláàsì run ní 1946 sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní 1960 ó di Ààrẹ.

Ní 1964 ni yunifásítì Abidjan bẹ̀rẹ̀ ní Cocody. Ibẹ̀ ni ọmọ Côte d'Ivoire ti wá ń kọ́ ìṣègùn títí dé oyè dókítà gan-an, oyè tí a fi du Ààrẹ wọn. Síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ fi òróró pa gbogbo rẹ̀: ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni ó fi ṣàkóso fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́wọ̀n ní 1963 lórí ọ̀tẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ wá gbà lẹ́yìn náà pé kò sí. Nígbà tí ìlú gbóná ní 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà wà lára àwọn tí wọ́n tú sí ìgboro lòdì sí i, ó sì gba ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn láyè ní ọdún kan náà. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1993, a sì sin ín sí Yamoussoukro.