Hubert Ògúǹdé àti Ipò Obìnrin nínú Iṣẹ́ Tíátà Rẹ̀

Òṣósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni a ti bí Hubert Ògúǹdé ní ọdún 1916. Ó ṣe olùkọ́, ó sì ṣe ọlọ́pàá, kí ó tó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní ọdún 1945.

Ojú aṣẹ́wó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo obìnrin orí ìtàgé nígbà náà. Kí àwọn òṣèrébìnrin má baà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, Ògúǹdé fẹ́ púpọ̀ nínú wọn ní ìyàwó. Àwọn ni òpómúléró ẹgbẹ́ náà. Adéṣẹwà, ọ̀kan pàtàkì lára wọn, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ọdún 1970 lójú ọ̀nà ibi eré.

Síbẹ̀, nínú fíìmù Ayé (1979) àti Jáyésinmi (1980), àwọn obìnrin ni Ògúǹdé fi ṣe àjẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó ń bá wọn jà.

Ògúǹdé kú ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1990. Olùkọ́ tí yóò bá fi fíìmù wọ̀nyí kọ́ni ní Ìgbó-Ọrà tàbí Èrúwà gbọ́dọ̀ fi ìhà méjèèjì han akẹ́kọ̀ọ́: obìnrin tí a fi ṣe àjẹ́ nínú eré, àti obìnrin tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ gbé eré náà ró.