Fẹlá Ṣówándé

Olúfẹlá Ọbáfúnmiláyọ̀ Ṣówándé (ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1905 – ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1987) jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó mọ píánò àti dùrù ilé ìjọsìn tẹ̀ dáadáa, olùṣẹ̀dá orin, olùkọ́ àti onímọ̀ àṣà. Ó tẹ píánò fún ẹgbẹ́ olórin jáàsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn àti ní Amẹ́ríkà. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí bàbá orin àkọsílẹ̀ ní Nàìjíríà. Òun kọ́ ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, olórin Afrobeat, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìran Ẹ̀gbá ni àwọn méjèèjì.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Bàbá rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ó sì wà lára àwọn aṣáájú orin ìjọ ní Nàìjíríà. Ní Èkó, Fẹlá wọ ẹgbẹ́ akọrin ọmọdékùnrin ti Kàtídírà Christ Church, níbi tí T. K. Ekúndayọ̀ Phillips ti jẹ́ atẹdùrù àti olùdarí orin. Ọwọ́ Phillips ni ó ti kọ́ dùrù, tí ó sì ti mọ iṣẹ́ Bach àti ti àwọn àgbà olórin Yúróòpù yòókù. Ó lọ sí CMS Grammar School àti King's College, Èkó.

Phillips kì í ṣe olùkọ́ dùrù lásán. Ọ̀rọ̀ kan tí ó ká a lára ni ti ohùn Yorùbá nínú orin ìjọ. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì fi ohùn orin òyìnbó kọ ọ́, ohùn òkè a máa bọ́ sí ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ a sì bọ́ sí òkè, títí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yóò fi dàrú lẹ́nu akọrin. Bí orin àkọsílẹ̀ yóò ṣe gba Yorùbá láàyè láìba èdè náà jẹ́ ni ẹ̀kọ́ tí Ṣówándé bá ní ilé ìjọsìn yìí, kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ayé.

Ní àkókò kan náà, orin Duke Ellington àti ti àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà wọ̀ ọ́ lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ píánò fún àwọn ẹgbẹ́ olórin ijó ní Èkó.

Ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní àárín àwọn ọdún 1930, ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Orin jáàsì ni ó fi ń wá owó ilé ẹ̀kọ́. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ alẹ́ yìí fi gba ipò ẹ̀kọ́ tí ó bá lọ. Ní ọdún 1936, òun ni ó tẹ píánò nínú Rhapsody in Blue, iṣẹ́ George Gershwin. Ó bá Fats Waller tẹ píánò pọ̀, ó sì tẹ̀lé akọrin Amẹ́ríkà náà, Adelaide Hall, pẹ̀lú dùrù àti píánò.

Síbẹ̀, kò pa dùrù ilé ìjọsìn tì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Edmund Rubbra, George Oldroyd àti George Cunningham. Ní ọdún 1943, ó yege ìdánwò tí ó ga jù lọ ní Royal College of Organists, ó sì gba ẹ̀bùn Limpus, Harding àti Read pa pọ̀. Ó gba oyè nínú ìmọ̀ orin ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di atẹdùrù àti olùdarí akọrin ní Kingsway Hall, ilé ìjọsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó jẹ́ olùdámọ̀ràn orin fún Colonial Film Unit, ó sì ń ṣe ètò orin Áfíríkà lórí rédíò BBC. Láti inú iṣẹ́ yìí ni African Suite ti jáde ní ọdún 1944. Ó ní apá márùn-ún: Joyful Day, Nostalgia, Onipe, Lullaby àti Akinla. Ó mú ohùn orin Ephraim Amu ti Gánà lò nínú rẹ̀, ó sì gbé Akinla ka orí ohùn orin hááíláìfù. Àárò ilé ni Nostalgia ń sọ.

Ìpadàbọ̀ sí Nàìjíríà

Ní ọdún 1953, ó padà sílé gẹ́gẹ́ bí olùdarí orin ní ilé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà. Láàárín àwọn ọdún yẹn ni àwọn iṣẹ́ dùrù rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ jáde, lára wọn Yorùbá Lament, Kyrie, Ọbańgíjì, Jésù Olùgbàlà àti Ọyígíyigì. Orin tí àwọn ará ìjọ ti mọ̀ lẹ́nu ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE ní ọdún 1956. Fún òmìnira Nàìjíríà ní ọdún 1960, ó ṣẹ̀dá Folk Symphony.

Ìbéèrè tí ó dojú kọ àwọn olórin àkọsílẹ̀ ìran rẹ̀ ni bóyá iṣẹ́ tí a fi ohun èlò òyìnbó ṣe lè jẹ́ ti Áfíríkà. Èrò Ṣówándé ni pé ẹni tí ó bá ní kí olórin Áfíríkà má kọjá àlà orin ìbílẹ̀ rẹ̀ ń mú òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà wọ inú iṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n ó tún gbà pé ẹni tí kò mọ orísun rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi pàdé ti ẹlòmíràn.

Orísun yìí ni ó wá nígbà tí ó dé Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960, ní ilé ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀ Áfíríkà. Ó fi dùrù sílẹ̀ díẹ̀, ó sì kọjú sí Ifá, oríkì, ìtàn àti ìlù. Yunifásítì náà jìnnà díẹ̀ sí àárín ìgboro, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wádìí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Ọjà Ọba, Mápó àti Bẹẹrẹ, níbi tí dùndún àti oríkì ti jẹ́ ara ìgbéyàwó, ìsìnkú àti oyè jíjẹ. Ọmọ tí ó dàgbà sábẹ́ dùrù kàtídírà wá ń kọ́ èdè ìlù bí akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1968, wọ́n fi í jẹ oyè ìbílẹ̀ ní Èkó nítorí ìwádìí rẹ̀.

Amẹ́ríkà àti ìkẹyìn ayé rẹ̀

Ní ọdún 1968 kan náà ni ó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Howard, ní Pittsburgh àti ní Kent State. Yunifásítì Ifẹ̀ fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní ọdún 1972. Ó kú ní Ravenna, ìpínlẹ̀ Ohio, ní ọdún 1987, ní ẹni ọdún 81. Ìpínlẹ̀ yẹn náà ni wọ́n sin ín sí.

Ohun tí ó fi sílẹ̀

Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba wà lára àwọn tí ó tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀. Ní Kánádà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, Akinla ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò orin Gilmour's Albums lórí rédíò CBC, débi pé ọ̀pọ̀ tí ó mọ ohùn orin náà ní ìlú òtútù kò mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Àwọn atẹdùrù ṣì ń tẹ Ọyígíyigì àti Ọbańgíjì nílé àti lókè òkun.