Thomas Birch Freeman: Ọkùnrin tó rin igbó dé Kumasi, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ibà

Ìbéèrè kan wọlé sí wa láti Dichemso, nílùú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Gánà. Ọmọ Yorùbá ni ẹni tó kọ ọ́. Ó wà lára àwọn ìdílé tó padà sí Kumasi lẹ́yìn tí òfin ọdún 1969 ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn wa kúrò níbẹ̀. Ó ní àbúrò òun tí wọ́n bí sí London ń bọ̀ wá kí òun, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Cape Coast dé Kumasi. Wọ́n fẹ́ gba orí òkè Adansi kọjá, kí wọ́n sì máa sùn lọ́nà. Ẹ̀rù ìrìn náà kò bà á. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé àbúrò rẹ̀ kọ̀ láti lo oògùn ibà. Àbúrò náà ní adúláwọ̀ lòun, ẹ̀jẹ̀ àwọn baba òun á dáàbò bo òun. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn ẹnì kan tó ti rin ọ̀nà yẹn kan náà dáhùn. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa Kérésìmesì àkọ́kọ́ ní Àgbádárìgì lọ́dún 1842 á ti gbọ́ orúkọ Thomas Birch Freeman.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejìlá, ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Twyford, ní agbègbè Hampshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Adúláwọ̀ ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ọgbà ló kọ́kọ́ ṣe jẹun, òun ló ń tọ́jú ọgbà olówó kan ní Suffolk, ó sì mọ orúkọ ewéko bí ẹni mowó. Ọgbà yẹn náà ló fi sílẹ̀ lọ́dún 1837 nígbà tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti lọ wàásù ní etíkun ibi tí à ń pè ní Gánà lónìí.

Ẹ wo irú ibi tó ń lọ. Joseph Dunwell, ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì àkọ́kọ́ níbẹ̀, dé ní oṣù Kìíní ọdún 1835, ó sì kú ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Wrigley àti ìyàwó rẹ̀ dé, Harrop àti ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀lé wọn. Nígbà tí Freeman àti Elizabeth ìyàwó rẹ̀ fi máa gúnlẹ̀ sí Cape Coast ní oṣù Kìíní ọdún 1838, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣì wà láàyè.

Kò pẹ́ tí ibà fi dá Freeman fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀. Elizabeth ló jókòó tì í, tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn bọ̀ ni àìsàn kọlu ìyàwó, ó sì kú ní oṣù Kejì, kò tíì lo oṣù méjì lórí ilẹ̀ yẹn.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibí gan-an ni ìdáhùn àbúrò wa wà. Adúláwọ̀ ni bàbá Freeman, síbẹ̀ ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Agbára tí àgbàlagbà tó ń gbé Kumasi tàbí Abẹ́òkúta ní láti kojú ibà kì í ṣe ogún tí bàbá fi ń sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀fọn tó ń jẹ èèyàn léraléra láti kékeré ló ń fún ara ní àǹfààní láti mọ kòkòrò ibà, kí ó sì kọ́ bó ṣe máa bá a jà. Owó iyebíye la sì ń san fún ẹ̀kọ́ yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló ń kú sídìí rẹ̀. Ẹni tó sì ti kọ́ ọ tán, bó bá lọ gbé ìlú tí kò ti sí ibà fún ọdún mélòó kan, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà ní London fi ń rí ibà lára àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Ilé ni wọ́n rò pé àwọn lọ, wọn kò sì mú oògùn dání.

Ohun kan wà o, tí èèyàn máa ń jogún. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà tó le débi ikú, àmọ́ ibà ṣì lè ṣe é. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló gba Freeman là. Àbá lásán ni. Ọdún 1949 ni àwọn onímọ̀ tó rí bí wọ́n ṣe lè fi iná mànàmáná ya èròjà ẹ̀jẹ̀ AS sọ́tọ̀, Freeman sì ti kú tipẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ AS tó sì fẹ́ gun òkè nínú oòrùn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún nǹkan mìíràn: bí ó bá fi agídí rìn láìsinmi, láìmu omi tó, iṣan ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ó sì lè ṣubú lulẹ̀ lójijì. Kí àbúrò wa lọ mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ní kó tó di bàtà mọ́ ẹsẹ̀.

Ó ku ìrìn náà gan-an. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní, ọdún 1839 ni Freeman kúrò ní Cape Coast. Ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba (200) kìlómítà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró ni, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan ni wọ́n ń tò gbà á. Igi tó wó dí i níhìn-ín, ẹrẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Àṣà àwọn òyìnbó ìgbà náà ni pé kí àwọn alágbàáṣe fi aṣọ àsorọ̀ gbé wọn léjìká, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ibi gíga tàbí ibi tí igi dí, ẹni tí wọ́n gbé á sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Wọ́n la odò Pra kọjá, wọ́n gun òkè Adansi, wọ́n sì sọ̀ sí Fomena.

Fomena ló ti há. Asantehene Kwaku Dua Kìíní kò tíì mọ ohun tí àlejò yìí ń wá, wọ́n sì ní kó dúró. Ó lé ní oṣù kan tó fi jókòó síbẹ̀. Lójú àwa tó ń kọ̀wé nípa ìlera, ìjókòó yẹn léwu ju òkè lọ, torí alẹ́ ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri máa ń jẹni jù. Àwọn ìgbà náà kò mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ búburú tó ń ti inú irà jáde lóru ni wọ́n gbà pé ó ń fa ibà. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé e, ọdún méje lẹ́yìn ikú Freeman. Gbogbo ọdún tó fi sá fún ibà, kò mọ ẹni tó ń lé e.

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹrin ló wọ Kumasi, ọba sì gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn. (Ààfin Manhyia tí kò jìnnà sí Dichemso kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 1925 ni wọ́n kọ́ ọ.) Kí oṣù náà tó parí, ó ti padà sí Cape Coast.

Ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, Lucinda Cowan, ó sì mú un bọ̀. Ọdún 1841 ni ìyàwó yìí náà kú. Lópin ọdún yẹn kan náà, Freeman tún gba ọ̀nà Kumasi, ó ń sin ọmọ ọba Asante méjì padà sílé, ó sì ń mú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan lọ fún ọba. Ẹ fojú inú wo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lójú ọ̀nà tí èèyàn méjì kò lè rìn pọ̀! Síbẹ̀, àwọn èèyàn wọ́ ọ débẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú William de Graft, ọmọ Fante. Ní oṣù Kejìlá ó wọ Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó dé ọ̀dọ̀ Ghezo, ọba Dàhòmì.

Oògùn kuníìnì ti wà láti ọdún 1820, àmọ́ ọ̀pọ̀ dókítà ayé ìgbà náà ṣì ń sín aláìsàn ní gbẹ́rẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dà, wọ́n sì ń fún un ní oògùn tó ní mẹ́kúrì nínú, èyí tó ń sọ ẹni tó rẹ̀ di ẹni tó kú. Ọdún 1854 ni William Baikie fún àwọn tó bá a wọ odò Ọya ní kuníìnì lójoojúmọ́ kí ibà tó dé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó kú. Ọdún yẹn kan náà ni Freeman fẹ́ ìyàwó kẹta, obìnrin Fante. Èyí kò tètè kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló mú un fi iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ lọ́dún 1857. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó dáko, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ìwàásù lọ́dún 1873. Accra ló kú sí, lọ́jọ́ kejìlá, oṣù Kẹjọ, ọdún 1890, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún.

Nítorí náà, ẹ sọ fún àbúrò yín pé kó lọ rí dókítà ní London ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Oògùn tó ń dènà ibà ju ẹyọ kan lọ. A máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí a tó dé, a sì máa ń lò ó lọ lẹ́yìn tí a bá kúrò. Iye ọjọ́ yàtọ̀ láti oògùn sí oògùn, dókítà ni kó sọ ọ́. Kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, nítorí wọ́n máa béèrè káàdì rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Kí olúkúlùkù wọn ní nẹ́ẹ̀tì olóògùn tirẹ̀, kí wọ́n sì wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kí wọ́n má mu omi odò láìsè é.

Bí ara ẹnikẹ́ni nínú wọn bá gbóná lójú ọ̀nà, ìrìn ti parí fún un lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ wọn jù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kó tó lo oògùn. Ìyẹn kan ẹ̀yin náà tí ẹ wà ní Dichemso: ààbò tí ara yín ní kò pé, aláboyún ni ibà sì tètè ń wọ̀ lára jù nínú àgbàlagbà. Bí àbúrò yín bá padà sí London tí ibà wá mú un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ni pé òun sùn nínú igbó ní Gánà.