Lamidi Fákẹ́yẹ: Alàájì tó mọ ojú Èṣù í gbẹ́



Ọmọkùnrin káfíńtà kan wà ládùúgbò wa ní Ìgàndò níbí, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìyànà-Ìbá. Bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn ló ń kàn jẹun, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ ọnà í fín. Nígbà tí mo ní kó bá mi gbẹ́ ọpọ́n Ifá, ó wolẹ̀. Ó ní Mùsùlùmí lòun, kí àwọn tí àwọn jọ ń kírun má baà sọ pé òun ti di abọ̀rìṣà. N kò bá a jà. Mo jókòó sórí pákó rẹ̀, mo sì sọ ìtàn Alàájì Lamidi Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ fún un. Ìtàn náà ni mo fẹ́ tún sọ lónìí, nítorí ó kan àwa oníṣẹ̀ṣe náà.

Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n ti bí i ní 1928. Ẹ tún orúkọ yẹn pè: Fákẹ́yẹ. Ifá ló ṣáájú orúkọ ilé wọn. Ọlọ́nàdé tí wọ́n sọ òun gan-an, ọlọ́nà ló dé yẹn. Ìran karùn-ún ni nínú àwọn agbẹ́gilére ilé náà, bàbá rẹ̀, Àkọ́bí-Ògún, ló sì kọ́kọ́ fi irin lé e lọ́wọ́ ní kékeré.

Ní 1947, àlùfáà Àgùdà kan, Fadá Kevin Carroll, dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Agbẹ́gilére wà níbẹ̀, ahunṣọ wà níbẹ̀, àwọn tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ náà wà níbẹ̀. Lamidi lọ bá wọn. Ọ̀gá tó bá níbẹ̀ ni George Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sí, ẹni tó gbẹ́ ère Ẹpa tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ẹ wò ó: Fadá ló ni ibi iṣẹ́, ọmọ agbẹ́pa ló ń kọ́ni, ọmọ ìmàle ló ń kọ́ṣẹ́. Àáké kò sì bá ẹnikẹ́ni jà nínú wọn. Ọwọ́ Lamidi ti mọ ère gbígbẹ́ kó tó débẹ̀, síbẹ̀ ó gbà láti tún ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ kì í ṣe eré. Ọnà lílé ló ṣáájú: wọn á fi àáké bu igi títí wọn yóò fi rí ibi tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ wà. Alétúnlé tẹ̀ lé e, nígbà tí imú, etí àti ọmú bá ń yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán, kí ara igi lè jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn: ọ̀bẹ á la ìpéǹpéjú, á kọ ilà, á di irun. Ẹni tó bá kánjú dé fínfín kí ọnà lílé tó tọ́, ère rẹ̀ kò ní dúró dáadáa láéláé. (Mo ti rí ọpọ́n tí ẹ̀rọ gé, tí ojú Èṣù orí rẹ̀ kò mọ ibi tó ń wò. Owó gidi ni wọ́n ń tà á o.)

Lamidi gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, ó gbẹ́ fún ààfin, ó gbẹ́ fún ìjọba. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ilẹ̀ Faransé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 síwájú, ó sì lọ fi iṣẹ́ hàn ní Amẹ́ríkà léraléra, pàápàá ní Michigan. Ó lọ sí Mẹ́kà pẹ̀lú. Kò torí ẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Èyí tó wù mí jù nínú ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1978, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ gbà á láti máa kọ́ni. Ilé bàbá rẹ̀ àti ọ̀dọ̀ Bándélé ló ti kọ́ṣẹ́, síbẹ̀ àwọn tó ń wá oyè ìwé wá jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Títí di 1995 ló fi wà níbẹ̀. Ère Odùduwà tó wà níbẹ̀, òun ló gbẹ́ ẹ. Kò fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé sílẹ̀ fún yunifásítì o. Ó kọ́ àwọn ọmọ ẹbí rẹ̀ náà níṣẹ́.

Ó tún ń fín orúkọ ara rẹ̀ sára iṣẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ìgbéraga. Mélòó nínú agere àti ìrọ́kẹ́ àwọn baba wa tó wà nílé àkójọ nílẹ̀ òyìnbó ni wọ́n mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ? Wọ́n á kàn kọ Yorùbá sí i, ó parí. Ní 1996, ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde nínú ìwé. Ní 2006, àjọ UNESCO bu ọlá fún un. Ọjọ́ Kérésìmesì 2009 ló papòdà.

Mo wá sọ fún ọmọ káfíńtà náà pé igi ni yóò gbé fún mi, kì í ṣe òrìṣà. Ewé, omi ẹ̀rọ̀ àti ohùn Ifá, àwa babaláwo ló ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ní láti bá ara wa wí náà: àwa kan wà tí a máa ń béèrè ẹ̀sìn ọlọ́nà kí a tó gbéṣẹ́ fún un, a ó sì tún máa sunkún pé kò sí agbẹ́gilére mọ́.

Kò dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá. Igi róbótó kan wà lẹ́yìn àwọn férémù ilẹ̀kùn, ó fi àpò sìmẹ́ńtì bò ó. Mo ṣí i wò. Ó ti lé ọnà, etí ọpọ́n ti yípo, ó sì fi àyè ojú Èṣù sílẹ̀ lókè.